Ta Ni Ó Sọ Fún Ọ? Ìtàn Ìlànà Ìwé Ìwádìí

Ní ọdún 1897, ní ìlú Ọ̀yọ́, Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ńlá kan lórí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ tí ó gbà á ní ohun tí ó lé ní 20 ọdún ni. Ní ọdún 1899, a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ìjíhìnrere. Láti ìgbà náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1900, ó tọ atẹ̀wé náà lọ. Èsì tí ó rí gbà kò ju pé ìwé náà ti ṣìnà, pé a kò rí i mọ́, àti pé atẹ̀wé ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n èló ni a ó dá lé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ sí ibi àgbà ń rè? Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1901, Samuel Johnson fúnra rẹ̀ kú. Kò fi ojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní títẹ̀.

Obadiah kò jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣègbé. Ó kó àwọn àkọsílẹ̀ gátagàta tí olóògbé fi sílẹ̀ jọ, ó jókòó tì wọ́n, ó sì tún ìwé náà kọ. Àfi bí ẹni pé ìwé yìí ní àkúnlẹ̀yàn tirẹ̀! Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1916, ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí ń jẹ́ Möwe mú Appam, ọkọ̀ tí ó gbé ìwé náà, lójú agbami, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé ibi tí a rán an sí. Obadiah kú ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a pe orúkọ rẹ̀ ní The History of the Yorubas. Ojú ìwé rẹ̀ lé ní 600.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ ìtàn yìí tí àánú kò ní ṣe. Ṣùgbọ́n àdánù kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sábà ka sí àdánù, tí kì í ṣe ẹ̀bi atẹ̀wé, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi àwọn ará Jámánì. Àdánù náà ni a ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti lè rí ìdí tí ìwé ìwádìí fi ní ìlànà tí ó ní.

Orúkọ nìkan kò tó

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, Samuel Johnson ṣe ohun tí ó yẹ ọmọlúwàbí. Ó dárúkọ àwọn tí ó pìtàn fún un. Ó dárúkọ David Kúkọ̀mí, ẹni tí í ṣe baba fún ìjọ Ìbàdàn. Ó dárúkọ Josiah Oni, oníṣòwò aláyà gbàǹgbà kan tí ó mọ ogun ìgbà náà ní àmọ̀dunjú. Ó sì dárúkọ Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri gẹ́gẹ́ bí òpìtàn. Kò gbàgbé àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, àwọn ìdílé tí iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran jẹ́ láti máa pa ìtàn àwọn ọba mọ́.

Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá ti kọjá ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó wọ inú ìwé gan-an, kì í sábà rí orúkọ wọ̀nyí mọ́. Bí ó bá ka ìtàn Aláàfin kan, kò lè tètè mọ̀ bóyá ẹnu àwọn arọ́kin ni ìtàn náà ti jáde, tàbí ẹnu Tìmì Ẹdẹ, tàbí ẹnu Kúkọ̀mí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun kan náà ni arọ́kin ààfin àti oníṣòwò ojú ogun yóò rí, kì í sì í ṣe ohun kan náà ni wọn yóò fẹ́ kí a rántí. Johnson fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ẹlẹ́rìí ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí ó sì parí pátápátá ní ọdún 1893. Ní ọdún 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí ó ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó ogun kan dé èkejì. Nítorí náà, ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ìwé kan ṣoṣo. Níwọ̀n bí ìwé àfọwọ́kọ ìṣáájú sì ti sọnù, ta ni yóò fi ọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ni ọwọ́ Samuel dúró sí, ibi báyìí sì ni ti Obadiah ti bẹ̀rẹ̀? Láti nǹkan bí ọdún 1970 wá, àwọn onímọ̀ ìtàn bí Babatunde Agiri àti Robin Law ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti tú ìtàn Ọ̀yọ́ wò fínnífínní, àwọn ìbéèrè bí irú èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà le.

A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu Johnson. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ohun púpọ̀ tí a mọ̀ lónìí ni ìbá ti bá àwọn àgbà wọ káà ilẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀tọ̀ ni kí òǹkọ̀wé dárúkọ ẹlẹ́rìí rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó fi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́rìí sí. Èkíní jẹ́ ìdúpẹ́. Èkejì ni ìwádìí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa ráhùn nípa ìlànà ìwé ìwádìí. Wọ́n a ní kí ni ìdí tí a fi ní láti kọ ọdún síbí, kí a kọ ojú ìwé sọ́hùn-ún, kí àṣamọ̀ ṣáájú, kí ìwé ìtọ́kasí gbẹ́yìn, bí ẹni pé àwọn ọ̀gá jókòó níbì kan tí wọ́n sì gbìmọ̀ láti fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ ìlànà wọ̀nyí dé orísun wọn, a ó rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bí gbogbo wọn: Ta ni ó sọ fún ọ, báwo ni èmi tí n kò sí níbẹ̀ yóò sì ṣe tọ ẹni náà lọ?

Ohun tí a ti mọ̀ nílé

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí yóò purọ́ ní í fi ẹlẹ́rìí rẹ̀ sí ọ̀run. Bí ẹjọ́ bá dé iwájú ọba, a kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní “wọ́n ní” lásán. A ó béèrè pé àwọn wo ni “wọ́n”.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ Ifá pàápàá. Wande Abimbola, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976, fi hàn pé ẹsẹ Ifá lè ní ìpín tí ó tó 8, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn létòlétò. Èkíní ni orúkọ awo tí ó dá Ifá; èkejì ni orúkọ ẹni tí a dá Ifá fún; ẹ̀kẹta ni ìdí tí a fi dá a. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí awo ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí inú rẹ̀ ti dùn tàbí bí ó ti kábàámọ̀, títí tí a ó fi kan ẹ̀kọ́ tí ó kádìí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ẹsẹ Ifá jẹ́ ìwé ìwádìí. Iṣẹ́ tí ó wà fún yàtọ̀. Ṣùgbọ́n babaláwo tí ó ń ki ẹsẹ mọ̀ pé a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní í ṣáájú, ìṣòro ní í tẹ̀ lé e, ohun tí a ṣe sí i àti èsì rẹ̀ ní í kàn, kí ẹ̀kọ́ tó dé. Ẹni tí ó ti mọ ètò yìí láti kékeré kò yẹ kí ó bẹ̀rù ètò ìwé ìwádìí.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣe kókó ni pé orúkọ awo inú ẹsẹ ń fún ọ̀rọ̀ ní ìwúwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dìde lọ bá awo náà ní ilé rẹ̀ láti bi í léèrè. Ìlànà ìwé ìwádìí fi ohun kan lé e: ọ̀nà tí ẹni tí kò gbàgbọ́ lè tọ̀ padà. Láti mọ bí a ti la ọ̀nà náà, a ní láti kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀, kí a sì dé ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí èyí tí ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ń tọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe la ọ̀nà náà

Ní ọdún 1440, ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Lorenzo Valla gbé ìwé àtijọ́ kan yẹ̀ wò. Ìwé náà sọ pé Ọba Constantine, ẹni tí ó jọba ní Róòmù ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, ti fi àṣẹ lórí ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lé Póòpù lọ́wọ́. Valla kò bá ìwé náà jà pẹ̀lú ìbínú nìkan. Èdè inú rẹ̀ ni ó fi mú un. Ó tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ì tí ì máa lò ní ayé Constantine, ó sì fi hàn pé àgbélẹ̀rọ ni ìwé náà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ìwé àtijọ́, bí ó ti wù kí ó gbó tó, ẹlẹ́rìí ni òun náà, a sì gbọ́dọ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1697, Pierre Bayle, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó sá lọ sí Rotterdam nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, tẹ ìwé atúmọ̀ ìtàn kan jáde. Bí a bá ṣí i, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ó wà lókè ojú ìwé, tí àlàyé ìsàlẹ̀ sì kún bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àlàyé wọ̀nyí ni Bayle ti ń sọ ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń tú àṣìṣe àwọn òǹkọ̀wé tí ó ṣáájú rẹ̀ fó.

Nígbà tí Edward Gibbon tẹ ìwé kìíní ìtàn rẹ̀ lórí ìṣubú ìjọba Róòmù jáde ní ọdún 1776, ẹ̀yìn ìwé ni ó kó gbogbo àlàyé rẹ̀ sí. David Hume, onímọ̀ ilẹ̀ Skọ́tílándì, ka ìwé náà, ó sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ó kọ̀wé sí atẹ̀wé pé wàhálà ni kí òǹkàwé máa ṣí ẹ̀yìn ìwé ní gbogbo ìgbà tí ó bá rí àmì. Kí wọ́n kúkú gbé àlàyé náà sí etí tàbí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni wọ́n sì gbé e wá nígbẹ̀yìn. Hume kú ní ọdún yẹn kan náà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ibi tí a ń fi àlàyé sí jẹ́ ọ̀rọ̀ aláìníṣẹ́, kí ó rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n Yúróòpù ka a sí ohun tí ó tọ́ láti kọ lẹ́tà lé lórí ní ọdún tí ó kú.

Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1824, Leopold von Ranke ti ilẹ̀ Jámánì fi odindi àfikún kan kún ìwé ìtàn rẹ̀ láti ṣe àyẹ̀wò àwọn òpìtàn tí ó ṣáájú: èwo ni ó wà níbẹ̀, èwo ni ó da ìwé ẹlòmíràn kọ. Nígbà tí ó di olùkọ́ ní Berlin, ó máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ yí ìwé àtijọ́ ká kí wọ́n lè jọ tú u wò. Ọ̀nà ìkọ́ni yìí ràn kálẹ̀ dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn.

Bí àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń ṣe èyí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń la ọ̀nà tiwọn. A dá Ẹgbẹ́ Onímọ̀ tí a ń pè ní Royal Society sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1660. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe àkọlé túmọ̀ sí pé kí a má ṣe gba ohunkóhun gbọ́ nítorí pé ẹnì kan sọ ọ́. Akọ̀wé wọn, Henry Oldenburg, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Philosophical Transactions jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1665. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún kan náà ni Denis de Sallo ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Paris. Ẹgbẹ́ náà a máa kọ ọjọ́ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dé sílẹ̀, kí ìjà má bàa sí lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí nǹkan. Láti inú èyí ni ọjọ́ tí a ń kọ sí ara ìwé ìwádìí títí di òní ti wá. Robert Boyle, ọ̀kan nínú wọn, a máa kọ gbogbo bí ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀ láìfi ọ̀kan sílẹ̀, títí kan èyí tí kò yọrí sí rere, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè dà bí ẹni tí ó wà níbẹ̀. Apá ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìlànà ìwádìí, ọmọ àṣà yìí ni.

Òfin àti àṣà

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí pé àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ni ó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Òfin wà, àṣà sì wà.

Òfin ni pé kí òǹkàwé lè padà dé ibi tí òǹkọ̀wé ti rí ọ̀rọ̀. Èyí kò yí padà. Àṣà ni ọ̀nà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yàn láti ṣe é, èyí sì ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ní ọdún 1881, Edward Laurens Mark, olùkọ́ nípa ẹranko ní Harvard, kọ ìwé kan lórí ẹyin ẹ̀dá kan tí ó dà bí ìgbín tí kò ní ìkarahun. Dípò àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, ó fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún sínú àkámọ́ láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣà ìtọ́kasí tí ó gba ayé kan lónìí, ara irú ìgbín bẹ́ẹ̀ ni ó ti jáde wá. Ní ọdún 1906, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago tẹ ìwé ìlànà tirẹ̀ jáde. Ní ọdún 1929, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tẹ tiwọn. Ojú ìwé 7 péré ni. Ní ọdún 1937, Kate Turabian, akọ̀wé tí ń yẹ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Chicago, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi tọ́ wọn sọ́nà. Òun fúnra rẹ̀ kò gba oyè ọ̀mọ̀wé rí, ṣùgbọ́n àìmọye ọ̀mọ̀wé ni ó gba abẹ́ ìwé rẹ̀ kọjá. Ètò ìfáárà, ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ohun tí a rí, àti àlàyé ohun tí a rí, tí àwọn kan rò pé ó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, kò bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ nínú ìwé àwọn oníṣègùn títí di ẹ̀yìn ọdún 1940.

Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní kí ọdún tẹ̀ lé orúkọ, tí òmíràn sì ní kí ó gbẹ́yìn, àṣà ni. Bí a bá dé ìlú olójú kan, àwa náà a di ojú kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àmì gbogbo sí ibi tí ó yẹ, tí ìtọ́kasí rẹ̀ kò sì mú òǹkàwé dé ibì kankan, àṣà ni ó pa mọ́, òfin ni ó rú.

Nígbà tí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn

Ní ọdún 1948 ni a dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní àkókò náà bá ìṣòro ńlá kan pàdé. Ìlànà tí wọ́n kọ́ ní òkè òkun ní kí a tọ́ka sí ìwé. Ṣùgbọ́n inú ìwé kọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ilẹ̀ wa wà, ẹnu àgbà ni. Kenneth Onwuka Dike, nínú ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹkùn ẹnu odò Ọya, tí ó jáde ní ọdún 1956, lo ìwé ìjọba àti ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀. Òun kan náà ni ó sapá kí a tó dá ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1954, nítorí ó mọ̀ pé bí ìwé bá jóná tàbí tí ikán jẹ ẹ́, ìtọ́kasí di òfo. Ní ọdún 1956, a gbé iṣẹ́ ìwádìí ìtàn Yorùbá kalẹ̀ lábẹ́ Saburi Biobaku, ẹni tí ìwé tirẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn jáde ní ọdún 1957. Ní ọdún 1961, Jan Vansina, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ní òfin àyẹ̀wò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé àtijọ́ ti ní.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà lónìí. Kí ni ìtọ́kasí ọ̀rọ̀ ẹnu? Kì í ṣe “baba arúgbó kan ní Ẹdẹ”. Orúkọ ẹni náà ni, bí ó bá fẹ́ kí a dárúkọ òun. Oyè rẹ̀ tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀. Agbo ilé rẹ̀. Ìlú àti ọjọ́ tí a bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó jókòó tì í. Àti ní pàtàkì, ẹni tí òun alára ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni igi lẹ́yìn ọgbà. Láti ọdún 1921 tí ìwé Johnson ti jáde, àwọn olùkọ́, àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ọba ti kà á, wọ́n ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ náà sì ti di àgbà. Bí olùwádìí bá wá jókòó ti irú àgbà bẹ́ẹ̀, tí ó pìtàn fún un, tí ìtàn náà sì bá ti Johnson mu, yóò fò fáyọ̀ pé òun ti rí ẹlẹ́rìí méjì. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Ó kàn wọ aṣọ méjì ni. Àfi bí ó bá béèrè pé, “Bàbá, ta ni ó sọ fún yín?” ni àṣírí náà tó lè tú.

Àmì orí ọ̀rọ̀

Ohun kan tún kù tí ó kan ẹni tí ń kọ ìwé ìwádìí ní èdè Yorùbá gan-an. Fún òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ètò ojú ìwé ni ìlànà. Fún òǹkọ̀wé Yorùbá, láti orí fáwẹ́lì ni ìlànà ti bẹ̀rẹ̀. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Ayo Bamgbose gbé ọ̀rọ̀ àkọtọ́ yẹ̀ wò nínú ìwé kan ní ọdún 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974. Ní ọdún 1984, ìwé kìíní èdè-ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Bamgbose, kí olùkọ́ lè rí ọ̀rọ̀ fi sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti lítíréṣọ̀ láìyá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kejì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990 lábẹ́ Oladele Awobuluyi.

Àwọn kan rò pé ọ̀ṣọ́ ni àmì ohùn. Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bí àgbà kan bá sọ pé ohun kan wà lọ́wọ́ àwọn tí ó wọ ìlú, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì sí i, ẹni tí yóò kà á ní 50 ọdún sí i kò ní mọ̀ bóyá ọkọ́ ni wọ́n gbé wá láti ro oko ni tàbí ọ̀kọ̀ ni wọ́n gbé wá láti jagun. Ẹ̀rí náà ti sọnù bí ìwé àfọwọ́kọ ọdún 1899 ti sọnù, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọkọ̀ ogun kankan tí ó gbé e lọ. Àwọn orúkọ ènìyàn àti ti ìlú inú àwọn ìwé àtijọ́ tí a kò fi àmì sí lórí dáadáa ṣì ń kó ìdààmú bá àwọn olùwádìí di òní olónìí.

Gbèsè tí ó wà nílẹ̀

Bí a bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ, a ó rí i pé àwọn tí ó la ọ̀nà ìwé ìwádìí kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn àmì ìdánudúró. Ẹni tí ìwé àgbélẹ̀rọ tàn jẹ ni wọ́n, tàbí ẹni tí ó sá kúrò ní ìlú rẹ̀, tàbí ẹni tí a ń bá du ohun tí ó kọ́kọ́ rí. Ìwé ìwádìí tí ó péye kò ní kí a gba òǹkọ̀wé gbọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé: bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ọ̀nà nìyí, ẹ máa lọ.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Gbogbo ẹni tí ó gba oyè nítorí ohun tí ó gbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé arúgbó kan jẹ gbèsè, ibi tí a ti ń san gbèsè náà kì í sì í ṣe inú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé nìkan. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àmì tí ó pé lórí orúkọ náà. Kúkọ̀mí, Oni àti Lágúnjú sọ̀rọ̀ fún Johnson, Johnson sì ṣe tirẹ̀. Òpìtàn ọjọ́ iwájú ì bá fẹ́ láti bi ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbéèrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti pọ̀ mọ́ ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó lè yà wọ́n mọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n ṣì wà láàyè lónìí, ohùn tiwọn kò ì tí ì pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó di gègé mú ni ó wà.